Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di dókítà

Àkànní, àbúrò mi,

Mo kí ọ kú oríire ìbúra. Màmá ti fi fọ́tò rẹ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí, kódà àwọn tí a kò rí sójú rí ti pè láti bá wa yọ̀. O bi mí lórí fóònù pé báwo ni ọdún 2020 ṣe rí fún wa ní wọ́ọ̀dù. Ọ̀rọ̀ yẹn kọjá ohun tí ènìyàn ń sọ lórí ìrìn, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́. Kà á kí o tó kó ẹrù lọ sí ìpínlẹ̀ Oǹdó fún house job, iṣẹ́ ọdún kan tí dókítà tuntun kọ́kọ́ ń ṣe.

Ìwọ wà nílé nígbà náà. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta, ó sì di Kérésìmesì kí wọ́n tó jáwọ́. Ohun tí o rí kò ju ti orí tẹlifíṣọ̀n lọ: àwọn tó wọ aṣọ funfun látòkè délẹ̀, àti àwọn aláṣẹ tó ń pè wá ní akọni. Èmi náà ń ṣe house job mi lọ́wọ́ n'Íbàdàn.

Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ni àyẹ̀wò jẹ́rìí sí ẹni àkọ́kọ́ tó ní kòrónà ní Nàìjíríà, ará Ítálì kan tó wá ṣiṣẹ́ ní Ewékorò, tí wọ́n gbé lọ sí Yábàá. Nígbà tó fi di alẹ́ 30 oṣù Kẹta, kónílé-ó-gbélé ti bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, ní Ògùn àti l'Ábújá. Àmọ́ aláìsàn kò gbélé. Èsì àyẹ̀wò máa ń pẹ́ kó tó dé, ẹni tí a sì ń dúró de èsì rẹ̀ ṣì nílò ẹni tí yóò fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí yóò fi dírípù sí i lápá, tí yóò gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń dún. Ta ni wọ́n ń rán? Ẹni tó kéré jù ni. Ìbòmú kan ni wọ́n ń fún wa fún kọ́ọ̀lù kan, ìyẹn iṣẹ́ àṣemọ́jú. Bó bá tutù rin láago méjì òru, a ó lò ó bẹ́ẹ̀ di àárọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì kan gbé àǹkárá lọ fún télọ̀ kó bá wọn rán tiwọn. Owó àjẹmọ́nú ewu iṣẹ́ tí ìjọba ń san fún dókítà lóṣù nígbà yẹn, 5,000 náírà ni.

Bàbá kan wà tí n kò lè gbàgbé. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, tí a fi há wọn níka, ń sọ 82, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá sì máa ń wà ní 95 sókè. Síbẹ̀ wọ́n ń bá wa sọ̀rọ̀ geere, wọ́n ń sọ bí wọ́n ṣe wọ ilé ìwé ní 1955 nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù nínú àrùn yẹn nìyẹn: ọ́síjìn ń lọ, ẹnu ṣì ń ṣiṣẹ́. A ti mọ̀ pé bí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ bá dojú bolẹ̀ sùn, ẹ̀yìn ẹ̀dọ̀fóró á ráyè gba afẹ́fẹ́. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní dojú bolẹ̀ níwájú àwọn ọmọdé. Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó sún mọ́ wọn létí, tó ń bẹ̀ wọ́n bí ẹni ń bẹ bàbá tó bí i. Nígbà tí wọ́n yí padà, ẹ̀rọ náà gun 90. Àwọn ọmọ wọn ń ra sílíńdà ọ́síjìn fúnra wọn, wọ́n ń gbé e dé géètì, wọn kò sì lè wọlé wá rí bàbá wọn.

Bàbá fẹsẹ̀ ara wọn rìn lọ sílé. Nọ́ọ̀sì tó kúnlẹ̀ tì wọ́n ni kòrónà gbé dè. Ìbòmú ọjọ́ yẹn ti tutù kó tó kúnlẹ̀. Kò kú, Ọlọ́run ṣeun, ṣùgbọ́n títí di òní, bó bá gun àtẹ̀gùn, yóò dúró mí kó tó lè sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, Àkànní, bí wọ́n bá ń pè ọ́ ní akọni, béèrè ìbọ̀wọ́. A kò gbọdọ̀ fi oríyìn dípò ohun ìdáàbòbò. Ìwọ náà mọ ìtàn Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, bó ṣe kọ̀ ní 2014 láti jẹ́ kí Patrick Sawyer, ará Làìbéríà tó gbé Ebola wọ Nàìjíríà, jáde nílé ìwòsàn láìka bí wọ́n ṣe ń fòòró rẹ̀ sí. Ènìyàn 20 ni Ebola mú ní Nàìjíríà, 8 kú, ó sì dópin láàárín oṣù mẹ́ta. Ìgboyà rẹ̀ ni gbogbo wa ń sọ. Kí a má gbàgbé pé ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe ọkùnrin náà, àti pé àwọn tó tọ́jú rẹ̀ kí àṣírí tó tú ni àrùn ràn. Dókítà Adadevoh fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ.

Ibà Lassa wà níbi tí ò ń lọ. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń kó ọ̀pọ̀ àwọn tó bá mú lọ fún ìtọ́jú. Nọ́ọ̀sì ni àwọn tí ìmọ̀ ìṣègùn fi kọ́kọ́ dá àrùn yẹn mọ̀ ní 1969: ọ̀kan ṣàìsàn ní abúlé Lassa ní Bọ̀nọ́, ó kú sí Jọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ náà sì kú. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tó ń wọnú ilé ló ń gbé e dé inú oúnjẹ, láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹrin ló sì ń le jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ibà lásán ló jọ. Aláìsàn tó ti lo oògùn ibà tí ara rẹ̀ ṣì gbóná, má fọwọ́ lásán kàn án. Má dá ìdérí abẹ́rẹ́ padà sórí rẹ̀, bó ti wù kí ó rẹ̀ ọ́ tó. Bí abẹ́rẹ́ bá gún ọ, sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, má dúró de ilẹ̀ mọ́.

O tún béèrè bóyá kí o bá wọn lọ́wọ́ sí i bí NARD, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ sí i ní ilé ìwòsàn, bá yanṣẹ́ lódì. Àwa yanṣẹ́ lódì ní 15 oṣù Kẹfà 2020, ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú wà lára ohun tí a ń béèrè. Ti 2021 bẹ̀rẹ̀ ní 2 oṣù Kẹjọ, ó sì di 4 oṣù Kẹwàá. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó gbé 5,000 yẹn kúrò níbi tó wà. Mo rí àwọn tó gbé ìyá wọn wá tí wọ́n sì yí padà lẹ́nu géètì. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Síbẹ̀ n kò ní sọ fún ọ pé kí o dákẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ ṣe house job ti wà ní Ìlú Ọba báyìí, torí pé wọ́n béèrè, béèrè, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn.

Mo ti di páálí ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú kan fún ọ. Ti ilé ìwòsàn ni kí o máa lò. Lọ́jọ́ tí tiwọn bá tán, kọ ọ́ sínú ìwé fún ọ̀gá rẹ pé ó tán, kọ ọjọ́ àti aago sí i, tọ́jú ẹ̀dà kan, kí o tó ṣí tèmi. Kí o sì pè mí. Màmá ti fi ẹ̀lùbọ́ sí ìsàlẹ̀ páálí náà, wọ́n ní bí o kò bá pè lọ́jọ́ Àìkú, àwọn á wọ mọ́tò wá bá ọ níbẹ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àbẹ̀kẹ́