Akọ̀wé, mo fo ẹsẹ kan

Akọ̀wé mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù ọ̀hún ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà níbí, Ìyá Ìbejì ní kí n kí ẹ, àwọn ìbejì ti wọ JSS1, ọ̀nà Mile 2 sí Seme ṣì ń jẹ wá níyà, àgbọn ti wọ́n, ó tán. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀ tí mi ò lè jù sórí WhatsApp, torí mo mọ̀ ẹ́, wàá kà á nínú ọkọ̀ ojú irin, wàá fi àtàǹpàkò ránṣẹ́, ó parí nìyẹn. Ìdí tí mo ṣe jókòó kọ ọ́ gùn báyìí nìyí, jọ̀ọ́ fara balẹ̀ kà á.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá la ṣe ìrántí ọdún kan ikú Àgbọn, ọ̀rẹ́ wa. Ọdún kan, Akọ̀wé! Bí àná ló ṣe ń ṣe mí. Màmá ẹ̀ fúnra wọn ló yan Bíbélì tí a máa kà, Ìfihàn orí 22, láti ẹsẹ 12 dé ìparí, wọ́n sì ní èmi ni kí n kà á, pé ohùn mi yìí ni Àgbọn máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù láyé. O rántí, “ohùn akẹ́rẹ́”. Mo ní kò burú mà. Mi ò sì yẹ̀ ẹ́ wò tẹ́lẹ̀, ẹ̀bi mi nìyẹn. Ohun tí mo rántí nínú orí yẹn láti ọjọ́ Sunday school ni odò omi ìyè, igi tó ń so èso oríṣi méjìlá, “èmi ń bọ̀ kánkán”, gbogbo ẹ̀ dùn lójú mi, mo rò pé kò sí ibi tó lè gbọ́n mi lójú níbẹ̀.

Bí mo ṣe dé iwájú ni wọ́n mú iná. Fáànù dúró, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń fi ìwé ètò ìsìn fẹ́ ara wọn, èmi ń kà lọ, Álífà àti Òmégà, alábùkún ni àwọn tó máa gba ẹnubodè wọ ìlú náà, ohùn mi tiẹ̀ dára lọ́jọ́ yẹn, mo ń gbádùn ara mi. Ojú mi wá sáré síwájú ẹnu mi díẹ̀, mo rí ẹsẹ 15. Ṣé o mọ̀ ọ́n? Lóde ni àwọn ajá wà, àti àwọn oṣó, àti àwọn àgbèrè, àti àwọn apànìyàn, àti àwọn abọ̀rìṣà. Mo gbójú sókè. Màmá wà ní ìjókòó àkọ́kọ́, fọ́tò Àgbọn wà láyà wọn, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ń gba ẹ̀bùn nílé ìwé. Lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, àwọn ọmọkùnrin Sàǹgbétò, eégún tó ń ṣọ́ ìlú lóru, bíi mẹ́jọ jókòó, wọ́n ti wọ bùbá funfun, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbọ́wọ́ lé orúnkún, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ wú ikọ́. O mọ gbogbo ohun tí àwọn èèyàn sọ nígbà ìsìnkú, pé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń bá Sàǹgbétò ṣọ́ òru, ṣé ó yẹ kí wọ́n gbé òkú ẹ̀ wọ inú ilé Ọlọ́run. Mo sì sọ fún ẹ nígbà yẹn bí Màmá ò ṣe jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe nítorí ikú nìkan.

Akọ̀wé, mo fò ó. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Láti ẹsẹ 14 mo bọ́ sórí 16, “Èmi Jésù ni ó rán áńgẹ́lì mi”, mo sì ń lọ bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ohun tí mi ò rò ni pé ẹsẹ 18 àti 19 ń bẹ níwájú ń dúró dè mí. Ẹnu mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fo ẹsẹ ni mo fi kà á jáde, pé bí ẹnikẹ́ni bá fi kún un, Ọlọ́run máa fi àwọn ìyọnu tí a kọ sínú ìwé náà kún un fún un, bí ẹnikẹ́ni bá sì mú kúrò, Ọlọ́run máa mú ipa tirẹ̀ kúrò nínú ìwé ìyè. Òógùn bò mí. Mo rò pé mo yára kà á tó, àmọ́ o mọ Bàbá Ìjọ, o mọ bí wọ́n ṣe máa ń fi ìka tẹ̀ lé e nínú Bíbélì wọn tó ti fẹ́ẹ̀ di èérún yẹn. Mo gbọ́ “ẹ̀hẹ́ẹ̀m” látọ̀dọ̀ wọn, mo mọ̀ pé mo ti gbé e.

Wọn ò jẹ́ ká tiẹ̀ jẹ mọ́ínmọ́ín tán. Níwájú gbogbo èèyàn: “Bàbá Ìbejì, ẹsẹ kẹẹ̀ẹ́dógún dà?” Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n mú iná. Wọ́n ní iná tí wọ́n mú ló mú ẹsẹ kan ṣoṣo, tó fi ìyókù sílẹ̀? Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ní Àgbádárìgì níbí, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù lábẹ́ igi Agia lọ́dún 1842, níbi tí Àjàyí Crowther ti gbé kí Bíbélì tó di Yorùbá, èmi ni mo wá ń gé Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bí ẹni ń gé iṣu. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Nínú orí 22 yẹn náà, Jòhánù wólẹ̀ fún áńgẹ́lì, áńgẹ́lì ní má ṣe bẹ́ẹ̀, ìránṣẹ́ bíi tìẹ ni mí. Bàbá Ìjọ ò sọ bẹ́ẹ̀ o! Wọ́n jẹ́ kí n wà nílẹ̀ dáadáa.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti dé Ajara. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ kan tí mi ò mọ̀ rí wo ojú mi nínú díńgí, ó ní “ẹ̀yin kọ́ lẹ yọ Bíbélì?” Onígbàjámọ̀ mi ní òun máa gẹ irun mi lọ́fẹ̀ẹ́ torí ẹni tí kò sí nínú ìwé ìyè, owó wo ló kù lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyá Ìbejì tiẹ̀ ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ ìyàwó dá dúró lọ́tọ̀ nínú ìwé náà, àbí abẹ́ ọkọ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Mo ń bá gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Lóru ni mi ò lè sùn.

Ọjọ́rú mo lọ bá alùfáà wa kékeré, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yẹn, ọmọdé ni àmọ́ ó kàwé gan-an. Mo ní sà, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ẹ̀rín ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní láyé ìgbà yẹn ọwọ́ ni wọ́n fi ń da ìwé kọ, ẹni tó ń dà á kọ lè ti tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó lè yọ èyí tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ìdí tí ìkìlọ̀ yẹn ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn, Mósè náà sọ irú ẹ̀ nínú Diutarónómì orí kẹrin, pé ẹ ò gbọ́dọ̀ fi kún un, ẹ ò gbọ́dọ̀ dín in kù. Ó ní lẹ́tà ni gbogbo Ìfihàn, Jòhánù wà ní erékùṣù Pátímọ́sì, ó kọ ọ́ sí ìjọ méje, láti Éfésù dé Laodíkíà, ilẹ̀ Tọ́kì òde òní nìyẹn, wọ́n á máa kà á sókè fún ìjọ. Mo ní bíi tèmi lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bíi tiyín. Ẹ̀rù tún bà mí.

Ó wá sọ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ó ní ọ̀mọ̀wé kan wà tó ń jẹ́ Erasmus, ará Netherlands, òun ló ṣètò Májẹ̀mú Tuntun lédè Gíríìkì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Basel lọ́dún 1516. Ìwé àfọwọ́kọ Ìfihàn tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ewé tó kẹ́yìn ti já dànù! Ẹsẹ mẹ́fà tó gbẹ̀yìn ò sí níbẹ̀ rárá, títí kan ẹsẹ tó ní kí ẹnikẹ́ni má mú nǹkan kúrò. Ọ̀gbẹ́ni bá gbé Bíbélì èdè Látìn, ó túmọ̀ ẹ̀ padà sí Gíríìkì fúnra ẹ̀. Ó ní “ìwé ìyè” tó wà nínú Bíbélì wa àtijọ́ pàápàá, “igi ìyè” ló wà níbẹ̀ nínú àwọn ìwé Gíríìkì àtijọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo ní ṣé ẹ lè lọ sọ fún Bàbá Ìjọ. Ó ní òun ṣì fẹ́ jẹun ní ìjọ yìí.

Ìgbà tí mo fẹ́ máa lọ ló bi mí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé “Bàbá Ìbejì, kí lẹ yọ gan-an?” Mi ò lè dá a lóhùn.

Ó dáa, ibi tí mo ń lọ nìyí.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìrántí yẹn ni Màmá pè mí pé kí n wá bá àwọn wo ìwé gbèsè Àgbọn, pé àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa pe gbèsè sí ọmọ àwọn lórí lọ́run. Ìwé ọlọ́gọ́ta ojú ewé, ẹ̀yìn ẹ̀ ti ya. Mo ń ṣí i, gbèsè kéékèèké, ẹni tó jẹ ẹ́, ẹni tí òun náà jẹ. Mo wá dé oṣù kẹta 2019. “Owó Akọ̀wé, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, 450,000.” Abẹ́ ẹ̀: gbígbẹ́ bóòhóòlù, 280,000. Táńkì, 85,000. Ẹ̀rọ tó ń fa omi, 60,000. Páìpù àti iṣẹ́ ọwọ́, 25,000. Ṣírò ẹ̀. Ó wá fi bírò pupa kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: “Màá san án kó tó mọ̀.”

Mo mọ̀ pé ó yẹ kó o jókòó kó o tó ka ìyẹn, má bínú.

Kò sí olè tó gba owó náà lọ́wọ́ ẹ̀ ní Mile 2. Gbogbo ìtàn yẹn, irọ́ ni. Mi ò sọ pé ó dáa o, Akọ̀wé, olè lolè ń jẹ́, o jìyà kó o tó kó owó yẹn jọ, èmi ni mo sì bá yín parí ìjà tí kò parí. Mo kàn ń sọ ohun tí mo rí.

Mo gbọ́ ìró Màmá lóde, wọ́n ń ṣí táàpù fún àwọn ọmọ. Mo ya ojú ewé yẹn, mo ká a, mo fi sápò. Nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n ní kí ni mo rí, mo ní gbèsè kéékèèké ni mà.

O ò tíì rí táàpù yẹn. Ara fẹ́ǹsì ló wà, ó kọjú sí títì, Màmá fi ègé àǹkárá kan wé ọrùn ẹ̀ kó má baà máa jò, ó sì ń jò náà. Láàárọ̀ kùtùkùtù kẹ́ẹ̀gì ti tò dé iwájú ilé oníbẹ̀ǹtiróòlù, “omi Àgbọn” ni wọ́n ń pè é. Omi ilé tiwa níyọ̀, èyí ò níyọ̀ rárá. Àwọn kan gba Màmá nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa gba àádọ́ta náírà lórí kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní lọ́fẹ̀ẹ́ ni ọmọ àwọn fi sílẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́ ló máa wà. Ẹsẹ 17 ni wọ́n torí ẹ̀ yan orí yẹn, pé ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kó wá, ẹni tó bá fẹ́ kó gba omi ìyè náà lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn ò tiẹ̀ rántí pé ẹsẹ 15 wà níbẹ̀. Lánàá mo dúró níbẹ̀ pẹ́, àwọn ọmọ ti pọn tán, ajá àdúgbò méjì wá, wọ́n ń lá èyí tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ táàpù, Màmá ń wò wọ́n láti ẹnu géètì, wọn ò lé wọn.

Inú Bíbélì mi ni ojú ewé náà wà báyìí. O mọ ibi tí mo fi sí.

Akọ̀wé, ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe fún mi nìyí. Sọ fún mi bóyá kí n dá a padà sínú ìwé, kí Màmá rí i. Owó ẹ ni, orúkọ ẹ ló wà níbẹ̀, ìwọ lo ni í sọ. Tó o bá ní kí n fi hàn wọ́n, màá fi hàn wọ́n, màá sì bẹ̀bẹ̀ irọ́ tí mo pa. Tó o bá ní kí n sun ún, mi ò mọ̀ bóyá màá lè sun ún, mo ń sọ òótọ́ fún ẹ, mo ti yọ tó.

Ohun kejì. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ síbẹ̀ ni Màmá ń sọ fún mi pé “Akọ̀wé ò tiẹ̀ kí mi.” Wọ́n rò pé àwọn ni wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. Oṣù Kejìlá la máa gbé òkúta sórí sàréè. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni wọ́n ní kí wọ́n kọ sí abẹ́ orúkọ ẹ̀: “Máa bọ̀.” Ẹni tó ń gbẹ́ òkúta ní mà, ta ló ń sọ ọ́ fún ta, ṣé òkú ló ń pe alààyè ni? Màmá ní ẹnikẹ́ni tó bá ti lè kà á.

Mi ò ní sọ pé kó o ra tíkẹ́ẹ̀tì, mo mọ iye tó jẹ́. Àmọ́ nọ́ńbà wọn ò yí padà. Lẹ́yìn aago méje alẹ́ ibí, tí wọ́n bá ti ti táàpù, wọ́n máa ń gbé e.

Èmi ni,
Bàbá Ìbejì, ohùn akẹ́rẹ́

Má fi àtàǹpàkò dá mi lóhùn o.