Lẹ́tà sí Kọ́lá: Kí A Tó Gun Òkè Mallorca

Manchester,
Ọjọ́ 9, oṣù kejì.

Kọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú ilé o. Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó rẹ wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́, àfi òtútù tí kò jẹ́ kí èèyàn yọ ọwọ́ nínú àpò.

Mo gbọ́ ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sì rẹ́rìn-ín títí ìyàwó mi fi bèèrè bóyá owó ló wọlé. Ọjọ́ mẹ́fà, òkè mẹ́fà, kí a fi kẹ̀kẹ́ gùn wọ́n ní Mallorca, erékùṣù Sípéènì! O tún wá ní kí a forúkọ sílẹ̀ fún eré kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní Mallorca 312. Ṣé o mọ ohun tí 312 yẹn jẹ́? Kìlómítà ni o. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gùn ún, nínú oṣù kẹrin. Ìwọ tí o ń gbé Houston, tó jẹ́ pé bíríìjì ni òkè tó ga jù ní àdúgbò rẹ! Bá mi yọ ìyẹn kúrò. Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù karùn-ún ni kí a lọ, tí àwọn ti 312 á ti tú ká, tí oòrùn á ti yọ dáadáa ṣùgbọ́n tí kò tíì máa jóni. Oṣù keje àti ìkẹjọ kò dára fún kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, ooru á mú, mọ́tò àwọn tó wá gbafẹ́ á sì kún gbogbo ojú ọ̀nà.

Mo ti lọ, ìwọ kò tíì lọ, nítorí náà gbọ́ tẹnu mi kí o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Kì í ṣe gbogbo erékùṣù náà ni òkè. Ìhà àríwá àti ìwọ̀ oòrùn ni àwọn òkè tò sí, láti Andratx títí dé Pollença. Serra de Tramuntana ni wọ́n ń pè wọ́n, ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Ma-10 ló sì gba àárín wọn kọjá, nǹkan bíi kìlómítà 110. Èyí tó ga jù níbẹ̀ ni Puig Major, ó lé ní mítà 1,400, ṣùgbọ́n àwọn ológun ló wà ní ṣóńṣó rẹ̀, ọ̀nà tiwa kò dé ibẹ̀. Ìyókù erékùṣù náà, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, oko álímọ́ńdì, oko ólífì, àti ìlú kéékèèké tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn ga ju gbogbo ilé lọ. Ọ̀nà wọn dán. Ihò tí a fi ń bú ìjọba nílé, n kò rí ọ̀kan níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́jọ.

Ọ̀rọ̀ òkè Sa Calobra tí o ń pariwo lé lórí ni mo fẹ́ kí a jókòó sọ dáadáa. Àwọn òkè mìíràn, tí ó bá rẹ̀ ọ́ dé ìdajì, wàá yí orí kẹ̀kẹ́ padà, wàá sì máa yọ́ lọ sílé. Ti Sa Calobra kò rí bẹ́ẹ̀. Sísọ̀ ni o kọ́kọ́ máa sọ̀. Òkun ló wà nísàlẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì wọ ibẹ̀. Òun náà lo máa gbà jáde.

Antonio Parietti ni ẹ̀ńjíníà tó ya ọ̀nà náà, ní 1932. Kò lu òkè níhò rárá, ara òkè ló ń tẹ̀ lé, kọ́nà tó ń ṣẹ́rí padà lé ara wọn sì pọ̀ níbẹ̀, 26 ni wọ́n kà. Ibì kan wà lókè tí ọ̀nà náà yípo tó sì gba abẹ́ ara rẹ̀ kọjá, bí ìgbà tí èèyàn bá so táì mọ́ ọrùn. Nus de sa Corbata ni wọ́n sọ ọ́, kókó táì. Tí o bá dúró lókè tí o wo ìsàlẹ̀, ńṣe ló dà bí òwú tí ọmọdé tú dà sílẹ̀.

Mo sọ̀ ọ́ lọ́dún tó kọjá, inú mi dùn débi pé mo ń kọrin. Ṣé o rántí kẹ̀kẹ́ tí a máa ń yá ní kọ́bọ̀ mẹ́wàá lẹ́yìn ọjà ní Ìkẹ́rẹ́, èyí tí kò ní bíréèkì, tí a ń fi sálúbàtà tẹ táyà ẹ̀yìn kó tó dúró? Òun ni mò ń rántí ní gbogbo kọ́nà. Mo ní Kọ́lá ì bá wà níbí! Agogo méjìlá ọ̀sán ti kọjá nígbà tí mo fi dé etí òkun. Ọkọ̀ ojú omi láti Port de Sóller ṣẹ̀ṣẹ̀ já èrò sílẹ̀, bọ́ọ̀sì náà tún ń já tirẹ̀, ìlà ibi tí wọ́n ti ń ta omi sì gùn bí ìlà epo ìgbà Abacha. Mo ní èmi ò tò. Ìgò kan tó ku ìdajì ni mo gbé gòkè.

Ọ̀rẹ́ mi, ojú mi rí nǹkan. Kìlómítà 9 àti ààbọ̀ ni, láti etí òkun dé mítà 682. Tí o bá rin mítà 100, o ti gun bíi 7, kò sì sí ibì kan tó tẹ́jú tí wàá ti mí. Mi ò tíì dé ìdajì tí omi fi tán. Oòrùn ń pa mí láti òkè, òkúta funfun tún ń dá ooru rẹ̀ padà sí mi lójú. Jíà kò kù mọ́. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ bóyá ọ̀kan ṣì fara pa mọ́ síbì kan, kò sí. Kẹ̀kẹ́ tèmi ni mo gbé lọ, kẹ̀kẹ́ ìgbéraga, irin tó tóbi jù tí ṣéènì ń yí lẹ́yìn kò ní ju eyín 28 lọ. Nígbà tó yá ẹsẹ̀ kọ̀ fún mi. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó lórí ògiri òkúta bí ẹni tí wọ́n jí ẹrù rẹ̀. Ewúrẹ́ kan dúró lókè orí mi, ó ń jẹ ewé, ó ń wò mí.

Ìyá àgbà kan ló gba ibẹ̀ dé, ará Jámánì, irun rẹ̀ funfun báláú lábẹ́ akoto. Wọ́n wo ìgò mi, wọ́n wo ojú mi, wọ́n dúró. Wọ́n bu omi tiwọn fún mi, wọ́n fún mi ní dàbínù mẹ́ta, wọ́n ní kí n rọra máa bọ̀. Bí wọ́n ṣe gun kẹ̀kẹ́ wọn lọ nìyẹn, mi ò rí wọn mọ́ títí mo fi dé orí òkè.

Nítorí náà, lọ́tẹ̀ yìí, agogo méje àárọ̀ kí a ti kúrò nílé, kí a ti dé etí òkun kí agogo mọ́kànlá tó lù, kí bọ́ọ̀sì tó kún ọ̀nà. Ìgò omi méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó yúrò sínú àpò ẹ̀yìn. Tí o bá fẹ́ kó kúlíkúlí bí ìṣe rẹ, kó o, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn òkè ni wàá jẹ ẹ́, torí kì í tètè dà nínú, ohun dídùn tó máa yára wọ ara ni a nílò lójú òkè.

Ó kan ibi tí a máa sùn. O ní Sóller, torí àwọn fọ́tò tí o rí. Ìlú náà rẹwà lóòótọ́, ọsàn wọn dùn, rélùwéè onípákó tó ti ń rìn láti Palma wá síbẹ̀ láti 1912 ṣì ń rìn. Ṣùgbọ́n bí ẹni wà nínú àwo ni ará Sóller wà. Ọ̀nà yòówù kí o gbà jáde, òkè ni. Apá kan, ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ Puig Major, kìlómítà 14 tí wàá máa gùn láìsọ̀. Apá kejì, Coll de Sóller, kọ́nà lé kọ́nà. Mọ́tò ní ihò tí ó ń gbà kọjá lábẹ́ òkè náà, wọn kì í jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ wọ̀ ọ́. Apá kẹta, ọ̀nà Deià, òkè. Láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹsẹ̀ tó gbóná, lójoojúmọ́! Èmi ò lè ṣe é. A ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, Kọ́lá.

Port de Pollença ni mo fara mọ́. Etí òkun ni, ó tẹ́jú. Tí ara bá le, a kọrí sí òkè. Tí kò bá le, a yà sí Alcúdia tàbí inú oko. Àwọn ìyàwó wa náà á rí ibi jókòó sí lẹ́bàá omi. A ó wá ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí a máa pa kẹ̀kẹ́ tì, kí gbogbo wa wọ rélùwéè náà lọ sí Sóller, kí o ya fọ́tò rẹ títí yóò fi tó ọ.

Bí mo ṣe rò ó nìyí, ìwọ náà lè tún un tò. Ọjọ́ kìíní, kìlómítà 40 péré, kí kẹ̀kẹ́ lè mọ̀ wá. Ọjọ́ kejì, kí a gun Coll de Femenia dé Lluc. Ilé àwọn ẹlẹ́sìn àtijọ́ wà níbẹ̀ lórí òkè, wọ́n sì ní Màríà aláwọ̀ dúdú kan tí gbogbo erékùṣù ń bọ̀wọ̀ fún. A ó kí wọn, a ó mu kọfí, a ó sọ̀ gba Caimari, a ó sì gba pẹ̀tẹ́lẹ̀ darí sílé. Ọjọ́rú ni ọjà Sineu. Má jẹ́ kí a pàdánù ìyẹn o! Láti 1306 ni wọ́n ti ń ná ọjà náà, àgùntàn àti adìyẹ wà níbẹ̀, ariwo rẹ̀ á mú ọ rántí ilé. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ọ̀nà rẹ̀, ẹsẹ̀ á sinmi, torí Ọjọ́bọ̀ ni Sa Calobra. Ọjọ́ Ẹtì, rélùwéè. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Cap de Formentor, níbi tí ilẹ̀ erékùṣù náà parí sí tí iná atukọ̀ wà. Láti Port de Pollença, àlọ rẹ̀ kò tó wákàtí méjì. Ihò kan wà lójú ọ̀nà yẹn tó ṣókùnkùn, nítorí náà mú iná ẹ̀yìn àti ti iwájú wá.

Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Ohun kan ni mo kọ́: bí a bá ń lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí á dojú kọ ọ́ ní àlọ, kó wá máa tì wá ní àbọ̀. Jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Òógùn á bò ọ́ nígbà tí o ń gùn, bí o bá wá ń sọ̀, ìwọ tí ooru Houston ti mọ́ lára á gbọ̀n bí ewé.

Má gbé kẹ̀kẹ́ rẹ wá. Mo gbé tèmi lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ òfurufú tí mo wọ̀ gbé e lọ sí ìlú mìíràn, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wọ ṣòkòtò kẹ̀kẹ́ jókòó sí bálíkónì tí mò ń wo àwọn èèyàn tó ń gun tiwọn kọjá. A ó yá a níbẹ̀. Pẹ́dà rẹ àti bàtà rẹ nìkan ni kí o mú wá, àti ìjókòó rẹ tí kò bá wúwo lójú rẹ. Mo ti sọ fún oníkẹ̀kẹ́ tó máa yá wa pé eyín 34 ni mo fẹ́ níwájú, 34 lẹ́yìn. Tí iwájú àti ẹ̀yìn bá dọ́gba báyìí, bí ẹsẹ̀ bá yí lẹ́ẹ̀kan, táyà náà á yí lẹ́ẹ̀kan, kò ní sí ìjà láàárín yín. Má jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ fi ìyẹn ṣe ọ́ ní yẹ̀yẹ́. Wọn kò ní bá ọ gùn ún.

Kí o tó dé, wá ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà púpọ̀ kan kí o máa gùn ún yí po láàárọ̀ Sátidé tí kò bá sí mọ́tò. Tàbí kí o dojú kọ afẹ́fẹ́, kí o jókòó, kí o fi jíà líle tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 20, kí o sinmi, kí o tún tẹ̀ ẹ́. Kò dọ́gba pẹ̀lú òkè, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí o máa wo fídíò lọ.

Ó tún kù kan. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń rìn ní Sípéènì bíi tiyín, èmi ni ọwọ́ òsì Ìlú Ọba ti bà jẹ́. Ìwọ ni wàá máa ṣíwájú ní gbogbo ráńdábáòtù. Àwọn onímọ́tò níbẹ̀ máa ń ṣe sùúrù, òfin sì ní kí wọ́n fi mítà kan àtààbọ̀ sílẹ̀ tí wọ́n bá ń kọjá lára oníkẹ̀kẹ́. Akoto pọndandan lẹ́yìn ìlú, bẹ́ẹ̀ ni kí o má sọ fún mi pé ó ń ba irun jẹ́. Ìwọ tí irun ti fi ọ́ sílẹ̀.

Kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ wá sí Manchester lọ́dọ̀ mi, kí o sun oorun ọjọ́ méjì kí ara rẹ bọ̀ sípò. Láti ibí sí Palma kò tó wákàtí mẹ́ta.

Dákun, lo téèpù lónìí. Láti àárín ibi tí apá pẹ́dà ti ń yípo, dé orí ìjókòó, iye sẹ̀ǹtímítà tó bá jẹ́ ni kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí Jímọ̀ tó dé. Oníkẹ̀kẹ́ ní tí oṣù kẹta bá wọlé, àwọn tó ní 34 lẹ́yìn á ti tán. Kí ìyàwó rẹ náà pe tèmi, wọ́n ti ní ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fẹ́ bára wọn sọ tí kò kàn wá.

Èmi ni tìrẹ,
Délé