Òjó Wo Ni?

Dákà, Sẹ̀nẹ̀gà

Àbẹ̀ní ọ̀rẹ́ mi,

Mo mọ̀ pé mo jẹ̀bi, nítorí lẹ́tà rẹ méjì ló wà níwájú mi tí n kò tíì fèsì sí. Má bínú. Ara mi le, àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa, a ti kó kúrò nínú ilé tó ń jò yẹn. Ìròyìn ilé tó kù yóò dúró de ọjọ́ mìíràn. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwọ nìkan ni mo sì lè sọ ọ́ fún tí kò ní bi mí pé kí ló kàn mí pẹ̀lú òkú tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

O rántí iṣẹ́ orúkọ tí mo sọ fún ọ, ti kíkó orúkọ àwọn sójà tí wọ́n pa jọ ní àgọ́ ológun Thiaroye tó wà lẹ́bàá Dákà níhìn-ín. Àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń ṣe sójà fún Faransé, tí Jámánì mú lóǹdè lọ́dún 1940, tí wọ́n sì há mọ́ àgọ́ lórí ilẹ̀ Faransé nítorí pé Jámánì kò fẹ́ aláwọ̀ dúdú lórí ilẹ̀ tirẹ̀, ni ọkọ̀ òkun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Circassia gbé kúrò ní èbúté Morlaix ní Faransé lóṣù Bélú ọdún 1944. Wọ́n gúnlẹ̀ síbí ní ọjọ́ 21 oṣù náà, wọ́n ní kí ìjọba Faransé san owó oṣù tó jẹ wọ́n, nígbà tó sì di àárọ̀ ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀pẹ, àwọn sójà yìnbọn fún wọn lábẹ́ àṣẹ àwọn ọ̀gá ológun Faransé. Gbogbo èyí ni o ti mọ̀. Ohun tí n kò sọ fún ọ ni bí iye náà ṣe kọ̀ láti dúró lójú kan. Àwọn ológun kọ ìròyìn kan pé 35 ló kú, wọ́n kọ òmíràn pé 70 ni. Lọ́dún 2025, ìgbìmọ̀ tí ìjọba Sẹ̀nẹ̀gà yàn ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n tó 300 sí 400. Ibojì 202 ló wà nínú itẹ́ òkú àwọn ológun níbẹ̀, kò sì sí orúkọ lórí ọ̀kankan. Nígbà tí Faransé wá gbà lọ́dún 2024 láti ka àwọn kan sí ẹni tó kú nítorí rẹ̀, ènìyàn mẹ́fà péré ló dárúkọ: mẹ́rin láti Sẹ̀nẹ̀gà, ọ̀kan láti Ivory Coast, ọ̀kan láti ilẹ̀ tí a ń pè ní Burkina Faso lónìí. Mẹ́fà, Àbẹ̀ní.

Ẹ̀rù tó ń bà mí wá rèé. Lóṣù tó kọjá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn. Rẹ́rìn-ín, èmi náà ti rín in. Ọkùnrin kan ni: orúkọ rẹ̀ bára mu, abúlé rẹ̀ bára mu, ọdún tí wọ́n ní wọ́n bí i kò jìnnà síra, ni mo bá kọ ọ́ mọ́ àwọn tí a ó kéde ní òkú. Ọjọ́ kejì ni mo rí ìwé kan tó fi àtàǹpàkò tẹ̀ lọ́dún 1951 nígbà tó wá gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Àṣé ọkùnrin méjì ni mo pa pọ̀ di ẹyọ kan. Nọ́ńbà sójà wọn ni kò bára mu, ẹyọ òǹkà kan péré ló sì fi wọ́n yàtọ̀, èmi sì ti pè é ní àṣìkọ akọ̀wé. Ẹni tó fẹ́yàwó, tó bímọ, tó ń gbowó, èmi ti sin ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn tó ń jà fún 35 náà kò nílò ju alààyè kan ṣoṣo lọ láàárín àwọn òkú wa kí wọ́n tó da gbogbo ìwé náà nù. Ti ẹnì kejì, ẹni tó ṣeé ṣe kó kú ní tòótọ́, tún ńkọ́? Mo ti fẹ́ fi orúkọ ẹlòmíràn bò ó mọ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti gba orúkọ kankan wọlé àfi bí ìwé méjì tí a kò dà kọ láti ara wọn bá sọ ohun kan náà. Ìwé tí wọ́n dà kọ nígbà mẹ́wàá, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni. Bẹ́ẹ̀ ìwé tó dára gan-an a tún máa tanni. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà yẹn, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀ bí sójà tó sá lọ. Ìwé tó sọ pé ẹnì kan wà ní Morlaix kò sì fi hàn pé ó dé Dákà, nítorí bí 300 ènìyàn ló kọ̀ láti wọ ọkọ̀ nígbà tí wọn kò rí owó wọn gbà, àwọn ìwé ológun sì ní bí 400 mìíràn tún dúró sí Casablanca ní Mòrókò lójú ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń jiyàn rẹ̀. Àwọn ará ibí ń sọ pé DNA, àyẹ̀wò tó ń fi ìbátan hàn, yóò yanjú gbogbo rẹ̀, pàápàá láti ìgbà tí wọ́n ti hú àwọn egungun kan lọ́dún 2025, tí wọ́n sì bá ọta ìbọn lára àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n ara ẹbí tó wà láàyè ni wọ́n ti ń gba ohun tí wọn yóò fi wé ti egungun. Bí a kò bá mọ orúkọ, ẹbí ta ni a ó lọ bá?

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Mo rí káàdì òǹdè kan tí wọ́n kọ báyìí sí: Odjo, Kétou, Dahomey, ọdún ìbí bí 1915. Ó tán. Dahomey ni Benin òní, Kétou sì ni Kétu wa. Tirailleurs sénégalais, ìyẹn sójà Sẹ̀nẹ̀gà, ni wọ́n ń pe gbogbo wọn, àṣé ọmọ Kétu wà nínú wọn. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní orúkọ yìí dára, ó kúrú, kò lè ṣòro. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, n kò sì mọ ìgbà tó kúrò ní ẹ̀rín. Báwo ni n ó ṣe ṣàlàyé fún un pé gbogbo ọmọkùnrin tó bá gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé ni Òjó, àti pé akọ̀wé yẹn béèrè orúkọ lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá, kò sì béèrè orúkọ àbísọ rẹ̀, kò béèrè oríkì, kò béèrè ọmọ ta ni?

Àbẹ̀ní, ìwọ lo wà ní Kétu. Jọ̀wọ́, bá mi tọ àwọn àgbà lọ. Bi wọ́n bóyá ilé kan wà tí wọ́n ti ń sọ ìtàn Òjó kan tí àwọn Faransé mú lọ ṣe sójà ṣáájú ogun Hitler. Má dárúkọ Thiaroye fún wọn, má dárúkọ 1944, má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó gba ẹnu rẹ jáde rárá, nítorí bí wọ́n bá gbọ́ owó, kò sí agboolé tí kò ní ní Òjó tirẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fúnra wọn: orúkọ àbísọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, ilà tó kọ, àwọn tí wọ́n jọ mú lọ. Kọ ọ́ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́, kí o sì kọ ẹni tó fojú rí i sọ́tọ̀ sí ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Bí ilé méjì bá ní àwọn ló ni ín, kọ ti méjèèjì, má dá ẹjọ́ náà. Má sì ṣèlérí ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé èyí ló máa nira jù fún ọ, nítorí mo mọ àánú rẹ.

Fi lẹ́tà fèsì, n ó máa retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ fún ọ pé Òjó yẹn padà wálé, pé ó kọ́lé, pé ó darúgbó kó tó kú, má kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, bó ti wù kí ilẹ̀ ṣú tó.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àjọkẹ́