Lẹ́tà sí àbúrò mi, nípa káàdì òṣùwọ̀n rẹ

Àbúrò mi àtàtà,

Mo ń palẹ̀ ìwé mọ́ ni káàdì kílíníìkì rẹ já bọ́. Ọdún kẹta rèé tí o ti lọ. Kílò 121, oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, kílò 92. Ẹnì kan fi bírò pupa kọ "O káre!" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nísàlẹ̀, wínníwínní, ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ọkàn rẹ ń lù ní ìgbà 44 péré ní ìṣẹ́jú kan. Kò sẹ́ni tó fa igi sábẹ́ ìyẹn. Èmi náà pàtẹ́wọ́ fún ọ.

Ìsanra rẹ ló bo àìsàn ìjẹun rẹ mọ́ wa lójú. Bí ẹni tó rù bá ní òòyì ń kọ́ òun bí òun bá dìde, pé nǹkan oṣù òun ti dáwọ́ dúró, pé irun òun ń já, kíá ni a ó bi í léèrè ohun tó ń jẹ. Ìwọ sọ ọ́, a ní kí o tẹra mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ìwé DSM-5 tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2013 ti ní àyè fún un. Atypical anorexia ni wọ́n pè é: ènìyàn ń fi ebi pa ara rẹ̀, ẹ̀rù sísanra kò jẹ́ kó sinmi, ó ti rù gidigidi, síbẹ̀ ìwọ̀n rẹ̀ kò tíì kéré. Ohun tó yẹ ká wò ni iye kílò tó lọ àti bó ṣe yára lọ tó. Ibi tí òṣùwọ̀n dúró sí lónìí kò lè sọ ìyẹn fún wa.

Ṣùgbọ́n ìwọ náà, kí ló dé tí o kò sọ fún mi? Lẹ́yìn tí o lọ ni mo rí ọ̀rá ìpápánu tí o ká wẹ́wẹ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àti páálí oògùn ìyàgbẹ́ tó ti ṣófo. Bóyá o rò pé wọ̀bìà ni a ó pè é. Ojú tì ọ́. Ìtìjú yẹn wà lára àmì àìsàn àjẹjù: jíjẹun ní ìkọ̀kọ̀, jíjẹ kíákíá, jíjẹ láìsí ebi, jíjẹ títí ikùn yóò fi máa ro ni, ìríra ara ẹni lẹ́yìn rẹ̀. Bí mẹ́ta nínú márùn-ún yìí bá bá àjẹjù tí ènìyàn kò lè dá dúró rìn, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán fún oṣù mẹ́ta, tó sì ń bà á lọ́kàn jẹ́, binge eating disorder ni. Bí èébì àfọwọ́fà tàbí oògùn ìyàgbẹ́ bá ń tẹ̀ lé e, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́, ewu rẹ̀ sì yàtọ̀, nítorí pọtásíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ kí ọkàn sì ṣe ségesège. Ìsanra nìkan kì í ṣe ẹ̀rí ọ̀kankan nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó sanra ni kò ní in rárá.

Àwọn ìbéèrè márùn-ún tí wọ́n ń pè ní SCOFF, tí a fi ń wá àìsàn ìjẹun, wúlò, àmọ́ ọ̀kan ń béèrè bóyá o gbà pé o sanra nígbà tí àwọn ẹlòmíì ń pè ọ́ ní ẹni tó rù jù. Ta ni ì bá pè ọ́ bẹ́ẹ̀?

Bí mo ṣe ń ṣe é fún àwọn aláìsàn mi báyìí nìyí. Mo ń ti ilẹ̀kùn kí n tó wọn ẹnikẹ́ni, mo sì ń tọrọ àyè. N kì í béèrè pé "Ṣé o máa ń jẹ àjẹjù?" torí "rárá" ni ìdáhùn rẹ̀. Mo ń ní, "Ṣé ìgbà kan ti wà tí o ń jẹun tí o kò lè dúró mọ́?" Lẹ́yìn náà a ó jọ to ohun tó jẹ lánàá lẹ́sẹẹsẹ, láti ìgbà tó jí, títí kan wákàtí tí kò fẹnu kan nǹkan, nítorí ebi ọ̀sán sábà máa ń bí àjẹjù alẹ́. Mo ń ka lílù ọkàn àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lórí ìdùbúlẹ̀, lẹ́yìn náà ní ìdúró. Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá tilẹ̀ dára, n kì í fi ìyẹn dá ẹnì kankan sílẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n ń fún mi fún aláìsàn kan. Kò tó. Ó ń rẹ̀ mí, àbúrò mi, ọ̀rọ̀ ìyìn yẹn, "O káre," sì ń já bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rántí.

Obìnrin kan ń bọ̀ lọ́la. Kílò 19 ti dín lára rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́rin. Mo ti kọ ọ́ sórí ìwé rẹ̀ pé kí n ka lílù ọkàn rẹ̀ kí n tó la ẹnu.

Ẹ̀gbọ́n rẹ