Bùkọ́lá mi, ọ̀rọ̀ iná yìí ò lè dúró

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́rú.

Bùkọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé ara le? Ṣé òtútù Kánádà ti dẹwọ́ díẹ̀? Àárò rẹ ń sọ mí gan-an. Orúnkún Màámi ti ń san, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bí obìnrin, gàrí rẹ ti kúrò nílé, gbogbo wọn ní kí n kí ọ. Ó tó báyìí, jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi kọ̀wé.

Bọ̀dá Kúnlé ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà. Físà rẹ̀ ti jáde, ó sì ń ta gbogbo ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, títí kan àga tí àwọn oníbàárà ń jókòó lé. Iná ńlá tó fi ń ya fọ́tò wà nínú ẹrù náà, Godox AD600Pro yẹn, pẹ̀lú softbox tó ń mú kí iná rọ̀ àti ìdúró rẹ̀. Owó tó ń pè é kò tó ìdajì ti tuntun. Sọ́ńdè ló dá fún mi, torí ẹnì kan láti Ìkẹ́nnẹ́ náà ti ń ná an.

O mọ̀ pé mo máa ń yá iná l'Ékòó ni tí iṣẹ́ ńlá bá dé. Owó yíyá nìkan kọ́ ló ń dùn mí. Wọ́n á gba owó ìdúró sílẹ̀, màá san owó ọkọ̀ lọ, màá san ti àbọ̀. Òde lè má tú títí di ọ̀gànjọ́ Sátidé, síbẹ̀ wọ́n ń retí ẹrù wọn láàárọ̀ Sọ́ńdè. Èyí tó wá burú jù ni ti Ojúde Ọba. Kí Iléyá tó kan ilẹ̀kùn, kò sí iná tí wọn ò tíì gbà tán. Ọdún kan wà tí ẹni tí mo ti sanwó fún tún gbé e fún ẹlòmíì tó san jù mí lọ. Filaṣi kékeré orí kámẹ́rà ni mo fi ya rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ àwọn ìyá kan lọ́sàn-án gangan. Aṣọ wọn yọ dáadáa, ṣùgbọ́n òjìji gèlè bo ojú gbogbo wọn. Ó dùn mí dọ́kàn, Bùkọ́. Àwọn ìyá yẹn ti ń múra ọjọ́ náà láti ọ̀pọ̀ oṣù.

Iná LED kékeré tí mo ní ò lè bá òòrùn ọ̀sán jà, àfi iná tó ń kọ yẹ̀rì, tó sì lágbára. Abẹ́ kánópì náà ńkọ́? Kánópì pupa, ojú ìyàwó á pupa. Kánópì aláwọ̀ ewé, ojú gbogbo àlejò á di ewé. Àwọ̀ dúdú wa fẹ́ iná tó fẹ̀, tó rọ̀, tó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá. Bátìrì sì ni eléyìí ń lò, jẹnẹrétọ̀ gbọ̀ngàn ò ní rí i bà jẹ́ bó ṣe ba ti ọ̀gá wa jẹ́. Ohun tí mò ń lò ní gbogbo Sátidé, ó yẹ kó jẹ́ tèmi. Iná kejì àti ìkẹta, màá ṣì máa yá wọn. Kí ni mo fẹ́ fi iná mẹ́ta ṣe lọ́jọ́ Mọ́ńdè?

Ṣùgbọ́n mo lọ dán an wò lánàá. Mo gbé e sí agbára kíkún, mo ń tẹ̀ ẹ́ léraléra. Àwọn tó ṣe é ní kò yẹ kó gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá kan kó tó tún múra, àti pé bátìrì rẹ̀ lè kọ yẹ̀rì ní ìgbà 360. Èyí ń gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Bọ̀dá Kúnlé ní bátìrì ló gbó, kí n ra òmíì. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìyá oníbúrẹ́dì iwájú ṣọ́ọ̀bù fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òjò pa iná yẹn níbi òkú kan n'Ípẹ̀rú, wọ́n tú u, wọ́n sì sá a sóòrùn fún ọjọ́ mélòó kan. Tí omi bá ti wọ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kúrò ní ti bátìrì. Agbára tó ń kó jọ sínú lè pa ènìyàn, kì í ṣe gbogbo atúnṣe ló máa ń fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Owó àjọ tí mo kó lóṣù yìí ni mo fẹ́ fi rà á. Òrùlé ni Màámi rò pé ó ń lọ. Mi ò tíì sọ fún un.

Bùkọ́, mo mọ̀ pé ìwọ àti Bọ̀dá Kúnlé ò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Ṣàgámù yẹn. Mo mọ bí ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ṣe wúwo tó. Ṣùgbọ́n kò lè purọ́ fún ọ, kódà nígbà yẹn náà kò lè ṣe é. Jọ̀ọ́, bá mi pè é. Bi í bóyá òjò pa iná yẹn. Tó bá ní rárá, màá sanwó ní Sátidé. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, màá fi àjọ ṣe òrùlé, màá sì sáré lọ yá iná Iléyá kí wọ́n tó gbà á tán. Tí o ò bá sì lè pè é, sọ fún mi, mi ò ní bínú rárá. Ṣáà jẹ́ kí n gbọ́ kó tó di alẹ́ Jímọ̀.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Fọlákẹ́