Ẹ Má Fi Ojú Kékeré Wo Ánímè Ìfẹ́: Ìwà Àwọn Ẹ̀dá Inú Rẹ̀ Ni Kí Ẹ Wò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Láti ìlú Àkúrẹ́ ni mo ti ń kọ ìwé yìí, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé síwájú àwọn òǹkàwé yín dá lórí ánímè, ìyẹn kátúùnù àwọn ará Japan, pàápàá jù lọ èyí tó jẹ mọ́ ìfẹ́ láàárín ọkùnrin àti obìnrin.

Láti ẹnu ọ̀nà FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìlú wa, títí dé Ọjà Ọba, kò sí ibi tí ẹ ó yà sí tí ẹ ò ní bá ọ̀dọ́ tó ń wo ánímè lórí fóònù. Ánímè ìjà bíi Naruto àti One Piece, wọ́n mọ̀ wọ́n bí ẹni mowó. Ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ ánímè ìfẹ́ láàárín wọn, kí ẹ wo bí wọn yóò ṣe fi yín rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní eré àwọn ọmọge ni, pé ẹkún àti ìtìjú ló kún inú rẹ̀, pé kò sí ohun kan tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ní tiwọn kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Lójú wọn, kátúùnù tó bá ti ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́, ìṣekúṣe ló fẹ́ fi kọ́ ọmọ. Ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ méjèèjì kò tíì gbọ́ délẹ̀ ni wọ́n ń dá, nítorí orúkọ ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìwà àwọn ẹ̀dá tí ìtàn náà dá lé lórí.

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ náà ń sọ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ọ̀pọ̀ ánímè ìfẹ́ ló wà tí kò yẹ kí ènìyàn torí rẹ̀ fi dátà ṣòfò: ọmọkùnrin kan tí kò ní ìwà kan pàtó, tí kò dára tí kò sì burú, tí ọmọbìnrin bíi márùn-ún ń bá ara wọn du láìsí ìdí, ẹnì kan á kọsẹ̀, á ṣubú lu ẹnì kejì, ojú á ti àwọn méjèèjì, àṣìgbọ́ tí gbólóhùn kan ṣoṣo ìbá yanjú á wá di ohun tí wọ́n ń fà nílẹ̀ títí eré yóò fi parí. Ẹni tó bá jẹ́ irú èyí ló kọ́kọ́ bá pàdé, tó sì sá, n kò bá a wí. Ṣùgbọ́n kí ló fa àléébù náà? Kì í ṣe ìfẹ́. Ìfìwàwẹ̀dá, ìyẹn bí òǹkọ̀wé ṣe ń fún ẹ̀dá ìtàn ní ìwà, ló mẹ́hẹ. Òǹkọ̀wé kò fún àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ ní ilé, kò fún wọn ní òbí, kò fún wọn ní ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Ó kàn ní kí wọ́n máa fẹ́ra wọn ni. Ánímè ìjà tí wọ́n bá kọ báyìí náà kò dára, ariwo ẹ̀ṣẹ́ ni kì í jẹ́ ká tètè mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi Toradora! ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí wọ́n fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní Japan láti oṣù kẹwàá ọdún 2008 sí oṣù kẹta ọdún 2009, tó jẹ́ apá 25, tí wọ́n sì mú láti inú ìwé ìtàn tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Yuyuko Takemiya kọ. Ryuji ni ọmọkùnrin inú rẹ̀. Ojú bàbá rẹ̀ ló jogún, ojú náà sì le débi pé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ rò pé jàǹdùkú ni, wọ́n ń yà fún un lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọ tí ìdọ̀tí kì í jẹ́ kó sinmi ni, ọmọ tó ń dáná, tó ń ra nǹkan ọbẹ̀, tó sì ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ọtí. Taiga ní tirẹ̀ kúrú, ó sì rorò tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ẹkùn dá a lórúkọ. Òun nìkan ló ń gbé nínú ilé ńlá kan tó dojú kọ ilé Ryuji, nítorí bàbá rẹ̀ ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, àárín Taiga àti ìyàwó yìí kò sì gún.

Ní apá kìn-ín-ní, Taiga fẹ́ fi lẹ́tà ìfẹ́ sínú báàgì ọmọkùnrin tó wù ú, àmọ́ báàgì Ryuji ló fi í sí. Lóru, ó gbé idà onígi, ó wọlé tọ Ryuji lọ láti gba ohun rẹ̀ padà. Ibi tí wọ́n ti ń jà ni ebi ti gbé e ṣubú. Ryuji wọ ilé ìdáná, ó dín ìrẹsì fún un. Ó sì wá hàn gbangba pé àpò ìwé lásán ni wọ́n torí rẹ̀ ń jà, Taiga ti gbàgbé láti fi lẹ́tà sínú rẹ̀. Ẹ wo bí òǹkọ̀wé ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀ láì ṣe àlàyé kankan: ọmọ olówó tí kò sí ẹni tó ń bi í bóyá ó ti jẹun, àti ọmọ tálákà tí kò lè rí ẹni tí ebi ń pa kó má dá iná. A kò tíì dé ibi ìfẹ́ rárá, a sì ti mọ àwọn méjèèjì. (Èmi kò fẹ́ràn bí Taiga ṣe ń lu Ryuji tí wọ́n sì ní ká rẹ́rìn-ín sí i, bó bá jẹ́ ọkùnrin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí obìnrin, kò sí ẹni tí yóò pè é ní àwàdà.)

Ṣùgbọ́n ibi tí mo máa ń tọ́ka sí fún ẹni tó bá ní ánímè ìfẹ́ kò ní làákàyè ni ibi àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Bàbá Taiga padà wá, ó ní òun fẹ́ kí ọmọ òun wá máa bá òun gbé. Taiga kò fẹ́. Ryuji ló rọ̀ ọ́, ló ń tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tí bàbá rẹ̀ ń wá kò gbọdọ̀ kọ̀yìn sí i. Minori, ọ̀rẹ́ Taiga, tó mọ bí bàbá yìí ṣe já ọmọ rẹ̀ kulẹ̀ rí, ta ko Ryuji, kò gbọ́. Ọjọ́ àjọ̀dún pé, Taiga jáde sórí pèpéle níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, bàbá tó ṣèlérí kò wá. Kí ló mú ọmọ tó gbọ́n tó Ryuji ṣe irú àṣìṣe yìí? Kò ní bàbá ni. Bàbá tí òun ìbá fẹ́ ní ló ń wò, kò wo bàbá Taiga bó ṣe rí gan-an. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá ọmọ tí bàbá rẹ̀ wá iṣẹ́ lọ sí Èkó tí kò padà mọ́ gbé pọ̀ rí yóò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rò. Òǹkọ̀wé tó lè mú kí àṣìṣe ẹ̀dá ìtàn ti inú ọgbẹ́ ọkàn rẹ̀ jáde wá báyìí, ọ̀gá ni, yálà ìjà ló ń kọ ni o tàbí ìfẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan tó gba yàrá sẹ́yìn ilé wa wà lára àwọn tó máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wá ṣáàjì fóònù rẹ̀ lára jẹnẹrétọ̀ wa, ó sì bá ọmọ mi obìnrin níbi tó ti ń wo apá tí mo ń sọ yìí. Fóònù kún, kò dìde. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò fẹ́ ta kò kàn án. Bàbá yẹn ló ń bá jà, ó ní irú bàbá bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí àwọn ẹbí ìyá ọmọ pè é jókòó. Mo bi í bóyá eré àwọn ọmọge la ṣì ń wò. Ó ní, “Ẹ má bínú mà, ẹ jẹ́ ká wo èyí tó kù ná.”

Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kò wu àgbàlagbà, Maison Ikkoku wà níbẹ̀. Rumiko Takahashi, obìnrin tó ya Inuyasha tí àwọn ọmọkùnrin wa fẹ́ràn nítorí idà, òun náà ló ya ìtàn ìfẹ́ yìí láti ọdún 1980 sí 1987, wọ́n sì sọ ọ́ di ánímè apá 96 láàárín ọdún 1986 àti 1988. Opó ni Kyoko tí ìtàn dá lé lórí. Kò pẹ́ tó fẹ́ ọkọ tí ọkọ fi kú, ajá tó ń sìn sì ń jẹ́ orúkọ olóògbé náà. Godai, ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbé yàrá kan nínú ilé tí Kyoko ń bójú tó, ti ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, kò yege. Ẹni tó bá ti ṣe JAMB ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kò nílò àlàyé. Nígbà tó tilẹ̀ wọlé, tó sì jáde tán, ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gbà á wọ gbèsè, ó sì di ẹni tó ń bá àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìgbafẹ́ alẹ́ kan tọ́jú ọmọ, kó tó wá gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ọmọ wẹ́wẹ́. Orogún rẹ̀ nínú ìfẹ́, Mitaka, lówó, ó lẹ́wà, ó ń kọ́ni ní tẹ́nìsì, àmọ́ ẹ̀rù ajá ń bà á, opó tó ń fẹ́ sì ní ajá. Ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín nìyẹn, ṣùgbọ́n òun náà ló ń darí ìtàn.

Ní ìparí, Godai lọ síbi sàréè ọkọ tó ti kú, ó sì bá a sọ̀rọ̀: ó ní òun mọ̀ pé ó wà nínú ọkàn Kyoko, pé pẹ̀lú rẹ̀ níbẹ̀ ni òun yóò fẹ́ obìnrin náà. Níbi tiwa, bí ẹbí bá jókòó lórí ọ̀rọ̀ opó, ẹni tí ilé kàn àti ẹni tí yóò ṣú u lópó ni wọ́n máa ń fà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan bi obìnrin náà bóyá ó ṣì ń bá olóògbé sọ̀rọ̀. Apá 96 ti pọ̀ jù, èmi ìbá gé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ dànù. Síbẹ̀, bí ọdún ṣe ń gorí ọdún nínú rẹ̀ ló mú kí ọ̀rọ̀ ibi sàréè yẹn wọni lára.

Ọgbọ́n ìfìwàwẹ̀dá yìí kò ṣàdédé dé ọwọ́ àwọn òǹkọ̀wé Japan. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ya ìtàn aláwòrán fún àwọn ọmọbìnrin Japan tẹ́lẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1979 ni àwọn obìnrin bíi Moto Hagio àti Riyoko Ikeda gba iṣẹ́ náà, tí wọ́n sì ń gbé ìrònú inú ẹ̀dá ìtàn jáde sójú ìwé. Àwọn tó kọ ìfẹ́ lẹ́yìn wọn bá a nílẹ̀.

Fún àwọn òbí, n kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló dára fún ọmọdé, nítorí àwọn kan wà tí àgbàlagbà nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ bá ọmọ yín jókòó wo apá kan tàbí méjì kí ẹ tó fòfin dè é.

Ní kíláàsì mi, ìbéèrè tí a ń fi tú ẹ̀dá ìtàn inú ìwé tí ìjọba yàn palẹ̀ ni mo ní kí àwọn ọmọ SS2 fi tú Ryuji palẹ̀: kí ló ń sọ, kí ló ń ṣe, kí ni àwọn ẹlòmíràn ń sọ nípa rẹ̀, èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló yẹ ká gbà gbọ́? Àwọn tí kì í la ẹnu nígbà ẹ̀kọ́ ìfìwàwẹ̀dá ló sọ̀rọ̀ jù lọ́jọ́ náà. Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú, ni pé kí ẹ yọ̀ǹda àyè díẹ̀ lójú ìwé eré àti fàájì yín fún àwọn ọ̀dọ́ tó bá lè fi Yorùbá tó dángájíá ṣe àgbéyẹ̀wò irú eré wọ̀nyí. Àwọn kan nínú kíláàsì mi ti kọ tiwọn sílẹ̀, èdè-àìyedè sì ti wà láàárín wọn lórí bóyá Minori ṣe ohun tó tọ́ tàbí kò ṣe é.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ èdè Yorùbá kan,
Àkúrẹ́, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.