Lẹ́tà sí àbúrò mi tí ilé-iṣẹ́ ńlá kan ń pè wá sí Lọ́ńdọ̀nù

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ àná, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó sùn. O kú oríire. Láti inú yàrá tóóró tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ní Yaba, níbi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ti máa ń bo ohùn yín mọ́lẹ̀ nígbà ìpàdé, kí ilé-iṣẹ́ tí gbogbo ayé mọ̀ wá ránṣẹ́ pè ọ́ kì í ṣe ohun kékeré. Mọ́mì ti ń dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì bí ẹni pé o ti wọ bàálù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé, nítorí bí mo bá pè ọ́, ìdùnnú nìkan ni a óò máa sọ.

O ní owó oṣù náà wú ọ lórí. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ fún ọjà láti díye lé, ta ni kì í fi pọ́n-ùn ṣírò? Ṣùgbọ́n pọ́n-ùn ni ìwọ yóò ná níbí. Nínú ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tó bá lé ní £50,270 lọ́dún, ogójì ni ìjọba yóò gbà fún owó orí, onílé yóò sì gba tirẹ̀. Owó ìlera tí wọ́n ń gbà mọ́ físà jẹ́ £1,035 fún ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì ń gba ti gbogbo ọdún tí físà náà ní. Bi wọ́n léèrè bóyá àwọn ni yóò san án.

Ọ̀rọ̀ ṣíà, ìyẹn ìpín nínú ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fi kún owó oṣù rẹ, ni ó jẹ mí lógún jù. Iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ kì í ṣe tìrẹ lọ́jọ́ tí o bá dé. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n pín in sí, bí ọdún kìn-ín-ní kò bá sì pé, o kò ní rí nǹkan kan gbà. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Oṣù mẹ́wàá péré ni mo lò ní ilé-iṣẹ́ tí ìwọ náà mọ̀, tí n kò ní dárúkọ, kí ímeèlì tó wọlé ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Kí n tó dé ọ́fíìsì, káàdì mi kò ṣí ilẹ̀kùn mọ́. Ṣíà tí mo ti fi ń kọ́lé lọ́kàn ní Ìbàdàn kò mú kọ́bọ̀ wá. Ìgbà tí Google kéde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 pé òun yóò dín òṣìṣẹ́ 12,000 kù, tí Microsoft náà ní 10,000, ni ọkàn mi tó gbà pé kì í ṣe ọ̀lẹ ni wọ́n bá lọ́wọ́ mi.

Èyí tó tún burú ni pé ọwọ́ agbanisíṣẹ́ ni físà so mọ́. Bí iṣẹ́ bá ti bọ́, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn láti rí ẹlòmíràn tí yóò gbà á, tàbí kí ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Mo ka ọjọ́ wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kẹtàléláàádọ́ta ni mo rí iṣẹ́ tí mo ń ṣe báyìí.

Síbẹ̀, bí o bá bi mí, n ó ní kí o wá. Ní Yaba, ẹ̀yin mẹ́ta ni ẹ ń ṣe gbogbo rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ wò. Níbí, àwọn tó jù ọ́ lọ yóò ka kóòdù kọ̀ǹpútà tí o kọ lẹ́sẹẹsẹ kí ó tó jáde, wọn yóò sì bi ọ́ ní ìbéèrè tí yóò bí ọ nínú. Ẹ̀kọ́ yẹn ni wọn kò lè gbà padà lọ́wọ́ mi. Àmọ́ má ta ilẹ̀ Ìkòròdú nítorí ìrìn-àjò yìí, má sì fi ìbínú kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ. Ìpín tí ó fún ọ nínú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ lè má já mọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ní Èkó náà ni Paystack, tó ń bá àwọn oníṣòwò gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wà nígbà tí Stripe, ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà lókè òkun, rà á ní 2020 ní iye tó lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là. Béèrè bóyá ìpín náà ṣì jẹ́ tìrẹ bí o bá lọ, kí o sì gbà á ní kíkọ.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ní kí o fèsì. Tọrọ ọ̀sẹ̀ kan sí i lọ́wọ́ wọn. Wọn kò ní torí ìyẹn gba iṣẹ́ náà padà. Bí o bá ti gbọ́ èsì lórí owó físà àti ṣíà, pè mí lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin